Irùngbọ̀n Ń Kún, Orí Ń Pá

Ẹni tí orí rẹ̀ bá ń pá kì í wá olùdámọ̀ràn tì. Ẹnì kan á ní fìlà tó ń dé ló fà á. Òmíràn á ní ìrònú rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó máa fi àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Wọ́n á ní ọṣẹ tó ń lò ló le, wọ́n á ní omi gbígbóná ni, àwọn tó sì fẹ́ pọ́n ọn lé á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní agbára ọkùnrin rẹ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n ti sọ fún mi, nítorí iwájú orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn kí n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún mi nígbà yẹn ni pé lásìkò kan náà tí irun ń sá kúrò lórí mi, ṣe ni irùngbọ̀n mi ń kún sí i. Irun àyà ń pọ̀, ti apá ń pọ̀, kódà irun ń yọ nínú etí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé orí, tàbí pé ara ló ti ń rẹ̀, ṣebí ó yẹ kí àgbọ̀n náà jẹ nínú ìyà yẹn?

Họ́mọ́ònù tó ń hu irùngbọ̀n náà ló ń pá orí. Kò sì pọ̀ lára apárí ju bó ṣe pọ̀ lára ẹni tí irun rẹ̀ pé lọ. Ọwọ́ gbòǹgbò irun ni ọ̀rọ̀ wà. Àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, ohun tí kálukú ń fi àṣẹ náà ṣe ló yàtọ̀, ìran ló sì pín ìyàtọ̀ yẹn fún wọn kí wọ́n tó bí ẹni tó ni orí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti fura sí họ́mọ́ònù, kó tiẹ̀ tó ní orúkọ. Hippocrates, oníṣègùn Gíríìsì ayé àtijọ́, ti kíyè sí i pé orí ìwẹ̀fà kì í pá. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, títí di 1942, nígbà tí James Hamilton, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀yà ara, gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà. Orí wọn kò pá, títí kan àwọn tí wọ́n ti ìdílé apárí wá. Lẹ́yìn náà ló fún àwọn kan nínú wọn ní testosterone, họ́mọ́ònù ọkùnrin. Àwọn tó wá láti ìdílé apárí bẹ̀rẹ̀ sí í pá lórí. Àwọn tí kò sí irú rẹ̀ nínú ìdílé wọn gba họ́mọ́ònù kan náà, irun wọn sì dúró. Nígbà tó dáwọ́ oògùn náà dúró, pípá náà dúró, àmọ́ irun tó ti lọ kò padà. (Bí wọ́n ṣe ń rí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì dùn-ún gbọ́.)

Mo máa ń padà síbi iṣẹ́ Hamilton yìí ju ibòmíràn lọ, torí ibẹ̀ ni nǹkan méjì ti kọ́kọ́ hàn kedere pé wọn ò lè dá a ṣe láìsí ara wọn. Bí ìran bá wà tí họ́mọ́ònù kò sí, orí kò ní pá. Bí họ́mọ́ònù bá wà tí ìran kò sí, bákan náà ni. Ẹni tó bá ní agbára ọkùnrin ló ń pá orí kò wo àwọn arúgbó ọkùnrin tí irun wọn ṣì kún fọ́fọ́, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì yí wọn ká. Wọ́n ti wọn testosterone inú ẹ̀jẹ̀ apárí mọ́ ti ẹni tí kò pá, kò sí ìyàtọ̀ kan tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ó wù mí kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ o, torí òun nìkan ni oríyìn nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi.

Testosterone alára kọ́ ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú awọ orí tí wọ́n ń pè ní 5-alpha reductase, òun ló ń yí testosterone padà sí họ́mọ́ònù mìíràn, dihydrotestosterone, tí wọ́n ń gé kúrú sí DHT. Ohun tí DHT fi ju testosterone lọ ni ìdìmọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, protéènì kan wà tó ń gba àwọn họ́mọ́ònù yìí mú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní androgen receptor. Olùgbà ni màá máa pè é níbí. Testosterone lè dì mọ́ olùgbà yìí, kó tún tètè já. DHT máa ń dì mọ́ ọn pinpin, ó sì máa ń pẹ́ kó tó já. Bí àwọn méjèèjì bá ti so pọ̀, wọ́n á wọ ibi tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jí àwọn apilẹ̀ àbùdá (gene) kan dìde, wọ́n á sì pa àwọn mìíràn lẹ́nu mọ́.

Abúlé kan ló jẹ́ ká mọ bí DHT ti ṣe pàtàkì tó. Salinas ni orúkọ rẹ̀, ní Dominican Republic. Wọ́n máa ń bí àwọn ọmọ kan níbẹ̀ tí ojú ara wọn jọ ti obìnrin, wọ́n á tọ́ wọn bí obìnrin, àfìgbà tí wọ́n bá bàlágà tí ohùn wọn á ki, tí iṣan á yọ, tí nǹkan ọkùnrin wọn á sì dàgbà. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe DHT ni kò ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ náà. Testosterone wọn pé, DHT wọn ló kéré jọjọ. Nígbà tí wọ́n wá di géńdé, irùngbọ̀n wọn ṣẹ́wọ́n, próstéètì wọn, ẹ̀yà ara tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kéré, iwájú orí wọn kò sì padà sẹ́yìn rárá. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe oògùn fi rí ọ̀nà nínú rẹ̀: bí ẹ́ńsáìmù yìí bá ṣeé dá dúró lára ẹni tó ti dàgbà, ṣé próstéètì rẹ̀ kò ní wú, ṣé irun rẹ̀ kò sì ní dúró? Ibẹ̀ ni oògùn finasteride ti wá. Wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún próstéètì ní 1992, wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tó kéré, ìwọ̀n mílígíráàmù kan, fún irun ní 1997.

Kí wá ni DHT ń ṣe fún irun gan-an? Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé ṣe ló ń pa gbòǹgbò, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Dókítà awọ ara tí mo lọ bá ló là mí lójú. Ó gbé awò kékeré kan lé ìpàkọ́ mi, ohun tí awò náà ń rí sì ń hàn lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi. Ní ìpàkọ́ yẹn, irun ń jáde ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta láti ojú ihò kan, gbogbo wọn dúdú, wọ́n sì ki dọ́gba. Ó wá gbé awò náà síwájú díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń kọjá àtàrí ni nǹkan ń yí padà. Láti ojú ihò kan náà, irun kan á jáde tó ki, ẹnìkejì rẹ̀ á tín-ín-rín bí ìdajì rẹ̀, ẹ̀kẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ mọ́. Nígbà tó dé iwájú, níbi tí mo ti gbà pé ó dán borokoto, irun kún ibẹ̀. Wọ́n kúrú, wọ́n rọ̀, wọ́n mọ́ fo, ojú lásán ni kò lè rí wọn. Dókítà náà ní, “Ẹ wò ó sà, wọn ò kú. Wọ́n kàn ń kéré sí i ni.”

Kíkéré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ orí pípá. Irun kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó fi ń hù àti ìgbà tó fi ń sinmi. Irun orí tó pé máa ń hù fún ọdún méjì sí mẹ́fà, á wá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, á já, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti inú gbòǹgbò kan náà. Nǹkan bí 100,000 ló wà lórí èèyàn, 50 sí 100 sì lè já lójúmọ́ lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Torí náà, irun tó wà lára kóòmù kọ́ ló yẹ kó dẹ́rù bani bí kò ṣe irú èyí tó ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Níbi tí DHT ti ń pàṣẹ fún gbòǹgbò láti kéré, gbogbo ìgbà tí irun bá tún bẹ̀rẹ̀, àsìkò tó fi ń hù á kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá. Èyí tí ì bá hù fún ọdún mẹ́rin á di ọdún kan, á di oṣù díẹ̀. Irun kì í sì gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù, irun tó rí oṣù díẹ̀ péré kò lè gùn débi kan.

Olórí iṣẹ́ yìí ni ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ gbòǹgbò, dermal papilla. Inú rẹ̀ ni olùgbà pọ̀ sí. Bó bá gba DHT ní gbòǹgbò tó ní ìran pípá, ó máa ń tú àwọn protéènì bíi TGF-beta 1 àti DKK1 síta. DKK1 a máa dí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Wnt, ìyẹn ọ̀nà tí àṣẹ “máa hù” ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì irun. TGF-beta 1 ní tirẹ̀ a máa lé gbòǹgbò wọ ìsinmi láìtọ́jọ́. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ní 2012, wọ́n rí i pé prostaglandin D2, ohun kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, pọ̀ níbi tí orí ti pá, ó sì ń dá irun dúró. Ariwo ta, àwọn kan ti rò pé ìwòsàn dé, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi oògùn tó ń dínà fún un dán àwọn ọkùnrin wò, irun kò hù. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ irun, mo sì ti kọ́ ara mi láti má ṣe tètè dìde jó.

Ṣé ẹ rántí irùngbọ̀n? Dermal papilla tirẹ̀ náà ní olùgbà. Bó bá gba àṣẹ họ́mọ́ònù, àwọn ohun tó ń mú irun ki, bíi IGF-1, ló ń tú síta. Irun múlọ́múlọ́ ojú ọmọdékùnrin á sì di irùngbọ̀n. Àṣẹ kan, gbòǹgbò méjì, ìdáhùn méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Norman Orentreich, dókítà kan ní New York, fi ọ̀bẹ jẹ́rìí sí i. Ní 1959 ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun gé awọ tó ní irun láti ìpàkọ́ tí òun sì lọ́ ọ mọ́ iwájú orí tó ti pá, irun náà ń hù lọ níbẹ̀ bí ẹni pé kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tó gbé awọ tó ti pá lọ sí ìpàkọ́, ṣe ló pá síbẹ̀. Ilẹ̀ tuntun kò yí ìwà gbòǹgbò padà. Gbogbo iṣẹ́ abẹ irun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé lónìí, orí ìyẹn ló dúró sí. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tí apárí fi máa ń ní irun yíká ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ etí títí ọjọ́ alẹ́: níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù àti olùgbà kéré sí ti iwájú.

Ìran wá ńkọ́? Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ìdílé ìyá ni orí pípá ti ń wá, kí èèyàn wo bàbá ìyá rẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, kò kàn pé ni. Apilẹ̀ àbùdá tó ń ṣe olùgbà yẹn wà lórí kúrómósóòmù X, ọ̀kan nínú àwọn òpó tí DNA pín sí. Ọkùnrin kì í ní ju X kan lọ, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Àmọ́ X méjì ni ìyá ní, ọ̀kan láti ọwọ́ bàbá rẹ̀, ọ̀kan láti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Èyí tó bá fún ọmọ lè jẹ́ ti bàbá àgbà tó pá, ó sì lè jẹ́ ti ìyá àgbà, tí ẹnikẹ́ni kì í wo irun rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò. Ọmọ ìyá méjì lè mu ọmú kan náà dàgbà, kí ọ̀kan gba ti bàbá àgbà, kí èkejì gba ti ìyá àgbà.

Wọ́n tún ṣèwádìí kan ní Australia, tó jáde ní 2001, tó mú mi ronú. Wọ́n wo àmì kan lórí apilẹ̀ àbùdá olùgbà yìí lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 54 tí orí wọn ti pá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní in. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nínú àwọn àgbà ọkùnrin tí irun wọn pé, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí àwọn náà ní àmì yẹn. Ẹni tí kò ní in kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pá; ẹni tó ní in lè pá, ó sì lè má pá. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní 2008, ikọ̀ méjì rí ọ̀kan nínú àwọn ohun mìíràn náà lórí kúrómósóòmù 20, èyí tí bàbá àti ìyá jọ ń fún ọmọ. Nígbà tó fi máa di 2017, iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọkùnrin tó lé ní 52,000 ní Britain ti rí ibi tó ju 250 lọ nínú DNA tó lọ́wọ́ sí i, ogójì nínú wọn lórí X. Ìyókù, tọ̀tún tòsì ni. Ẹ̀bi bàbá wà níbẹ̀, ti ìyá náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì wo àwọn ìbejì, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin kan àti òmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ ti ìran. Kò kù púpọ̀ fún fìlà.

Ti obìnrin ò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Irun iwájú wọn sábà máa ń dúró, àárín orí ni yóò máa ṣí, tí ojú ìlà tí wọ́n fi ń ya irun á máa fẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe DHT kéré ní orí wọn ju ti ọkùnrin lọ, aromatase tó ń yí testosterone padà sí họ́mọ́ònù obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀, àgàgà níwájú. Kí èèyàn má sì dà á pọ̀ mọ́ irun iwájú tó já nítorí dídì tó le jù. Fífà ló ba gbòǹgbò tìyẹn jẹ́, DHT kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tó fún mi nírètí jù lọ jáde ní 2011. Luis Garza, George Cotsarelis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba awọ tó pá àti awọ tó ní irun láti orí àwọn ọkùnrin kan náà, wọ́n ka àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo irun ti ń wá ṣì pé síbi tó pá, iye rẹ̀ kò dín. Àwọn ọmọ tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì yẹn bí, àwọn tó ń kọ́ irun gan-an, ló dín kù gidigidi. Èyí bá ohun tí dókítà mi fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà mu.

Oògùn tó wà báyìí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jí àwọn yẹn. Finasteride ń dín DHT inú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì ń dá orí pípá dúró lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Àwọn díẹ̀ máa ń ṣàròyé pé ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wọn lọ sílẹ̀, ìyẹn kì í sì ṣe ohun tí dókítà yẹ kó fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tó bá fọ́, torí ọmọkùnrin inú rẹ̀ nílò DHT kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ tó lè pé. Ẹ rántí àwọn ọmọ Salinas. Minoxidil kò dá DHT mọ̀ rí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn tó ń lò ó ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú àti lápá, wọ́n wá sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń fi pa orí, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1988. Ó ń fa àsìkò tí irun fi ń hù gùn. Méjèèjì, bí èèyàn bá ti dáwọ́ dúró, àṣẹ àtijọ́ á tún máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bi mí láìpẹ́ yìí pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé èmi náà máa pá bíi tiyín?” Mo bá a ṣírò. Kí olùgbà tó wà lára mi gan-an tó lè dé ara rẹ̀, màmá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba X tí èmi gbà lọ́wọ́ màmá wa, kó sì tún jẹ́ òun ló fún un: ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ibi tó ju 250 lọ yẹn ṣì wà nílẹ̀, èyí tí kò sí lórí X nínú wọn, ìdajì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní ṣé òun ò lè san owó kí wọ́n yẹ DNA òun wò. Mo ní ó lè ṣeé ṣe, àmọ́ nínú iṣẹ́ Britain yẹn pàápàá, nínú àwọn tí DNA wọn burú jù, ìdá kan nínú mẹ́wàá tó wà lókè pátápátá, 58 nínú ọgọ́rùn-ún ló pá dé ìwọ̀n tó hàn. Ìyókù ṣì ń ya irun. Ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ti rí àwọn nọ́ńbà yẹn. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin Áfíríkà, láti Senegal, Gánà, Nàìjíríà àti South Africa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn ju kéèyàn máa méfò lọ.

“Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o, Bọ̀ọ̀dá.”

Mo ní kó tẹ orí sílẹ̀ kí n wò ó. Ẹ̀bátí rẹ̀ òsì ti ń padà díẹ̀. Mo sọ fún un pé kó lọ rí dókítà awọ ara lọ́dún yìí, kó má dúró di ìgbà tí àwọn ará ilé á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, torí gbogbo oògùn tó wà nílẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá irun tó ṣì wà dúró ju bí wọ́n ṣe ń pe èyí tó ti lọ padà.